Òpó, Amọ̀ àti Ọwọ́ Àtúnṣe: Àgbéyẹ̀wò Ilé Onígi Little Moreton Hall àti Ilé Alámọ̀ Agbègbè Ifọ̀, Ìbafọ̀ àti Mowe

Ìfáàrà

Ní agbègbè Ifọ̀, Ìbafọ̀ àti Mowe ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀rọ̀ náà "ilé alámọ̀" ti kúrò ní orúkọ lásán, ó ti di èébú. Bí ọmọ kan bá bú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilé alámọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbé, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi mọ ilé náà ni ó ní lọ́kàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé òṣì ń ta ìdílé náà, àti pé ọ̀làjú kò tíì kàn wọ́n. Ẹ̀wẹ̀, bí àwọn ènìyàn kan náà bá rí àwòrán ilé onígi àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lára kàlẹ́ńdà tàbí nínú ìwé, níbi tí igi dúdú ti dábùú ara wọn lójú ògiri funfun, ẹnu a yà wọ́n. Wọn a ní ọgbọ́n Òyìnbó pọ̀. Ohun tí wọn kò fura sí ni pé, lábẹ́ ọ̀dà funfun yẹn, amọ̀ ni ògiri náà.

Bébà yìí gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé onígi tí òkìkí wọn kàn jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Little Moreton Hall, sí ẹ̀gbẹ́ ilé alámọ̀ ti agbègbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ wọ̀nyí. Kì í ṣe láti fi hàn pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ohun tí bébà náà ń lépa ni láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé igi àti amọ̀ ni ilé méjèèjì, àti pé ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀kan dúró fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún nígbà tí èkejì ń di àlàpà kì í ṣe agbára igi bí kò ṣe ọwọ́ àtúnṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi tí wọ́n ń dá amọ̀ kò tọ́ sí i.

Èrò Mẹ́ta tí ó Gbòde

Èrò mẹ́ta ni ó máa ń jẹ yọ nígbàkígbà tí àríyànjiyàn bá wáyé lórí ilé àtijọ́. Èkíní ni pé ilé onígi ní egungun, ilé alámọ̀ kò ní. Àwọn tí wọ́n di èrò yìí mú gbà pé ògiri nìkan ni ó ń gbé òrùlé ilé Yorùbá, nítorí náà bí ògiri bá ti lanu, ilé parí nìyẹn. Èkejì ni pé ilé Gẹ̀ẹ́sì ní ètò láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé Yorùbá kàn ń tàn kálẹ̀ bí ó ti wù ú, tí yàrá ń gun yàrá lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni pé ìjọba ni ó ń dá ilé àtijọ́ sí: bí wọ́n bá ti lè kọ orúkọ ilé kan sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè, ilé náà ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan èrò wọ̀nyí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ṣòro láti já. Ọ̀nà tí ó dára jù láti dán wọn wò ni láti kọ́kọ́ yẹ ilé tí gbogbo ènìyàn ń yìn wò fínnífínní, kí a tó padà sí èyí tí wọ́n ń bú.

Egungun Little Moreton Hall

Little Moreton Hall wà ní ẹkùn Cheshire, ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí ìlú Congleton. Ìdílé Moreton, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ọlọ́rọ̀ ní agbègbè náà, ni ó kọ́ ọ. Yàrà tí omi kún yí i ká, àgbàlá sì wà láàárín rẹ̀. Igi óákù ni egungun rẹ̀, igi tí ó lókìkí fún líle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìrókò ti lókìkí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀nà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbà kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà yẹ ní àfiyèsí. Wọn kì í dúró kí óákù gbẹ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Tútù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé bí ó bá gbẹ tán, líle rẹ̀ a kọjá ohun tí irin iṣẹ́ lè tètè ràn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń to egungun ògiri kọ̀ọ̀kan pọ̀. Wọn a dá ihò sí ara igi kan, wọn a gbẹ́ orí igi kejì bí ahọ́n, ahọ́n a wọ inú ihò, wọn a sì gbá èèkàn igi wọ inú àwọn méjèèjì kí wọ́n má baà yọ kúrò lára wọn. Kì í ṣe ìṣó irin ni ó so wọ́n pọ̀. Wọn a wá fín àmì sí ara oríkèé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ igi tí ó bá igi mu. Lẹ́yìn èyí, wọn a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, wọn a kó o lọ sí ibi tí ilé yóò wà, wọn a sì gbé e dìde ní òòró. Bí igi náà bá ti ń gbẹ ni ó ń lọ́, tí oríkèé rẹ̀ sì ń fún. Ìdí nìyí tí ilé onígi àtijọ́ kì í fi í sábà tọ́ gbọnrangandan.

Ìgbà tí egungun bá dìde tán ni ọ̀rọ̀ amọ̀ tó dé. Láàárín òpó kan sí òmíràn, wọn a hun ọ̀pá wẹ́wẹ́ bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀. Wọn a wá po amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù, wọn a fi rẹ́ ọ̀pá náà tojú tẹ̀yìn, wọn a sì fi ẹfun kùn ún. Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà kan láti abúlé Ifọ̀ dé ibi iṣẹ́ yìí, ó lè má mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń fín àmì sára igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá kan amọ̀, kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́ màlúù kan náà ni àwọn ìyá rẹ̀ fi ń pa ilẹ̀ ilé, pẹ̀lú omi ẹ̀lú, kí ilẹ̀ náà lè dán kí ó sì le.

Àwọ̀ dúdú àti funfun tí ó sọ irú ilé yìí di arẹwà lójú àwọn tí ń wo kàlẹ́ńdà pàápàá kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣà ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni. Ní àkókò tí wọ́n kọ́ Little Moreton Hall, wọn kì í kun igi óákù. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ kí òjò àti oòrùn sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, ògiri tí ó wà láàárín rẹ̀ a sì ní àwọ̀ ilẹ̀ pípọ́n. Èyí túmọ̀ sí pé bí ènìyàn bá dúró níwájú ilé náà ní nǹkan bí 1550, àwọ̀ tí yóò rí kò jìnnà sí àwọ̀ tí ẹni tí ń ti Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ń rí lára ògiri ilé abúlé. Àwòrán tí wọ́n fi ń fi ojú ilé alámọ̀ gbolẹ̀ jẹ́ àwòrán tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Àbùkù tí kò Wó Ilé

Bí agbára igi bá ni ó mú ilé yìí dúró, ó yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aláìlábùkù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní òkè pátápátá ní ìhà gúúsù ilé náà ni gbọ̀ngàn gígùn kan wà, tí gígùn rẹ̀ tó mítà 21, níbi tí àwọn onílé ti ń rìn gbẹ̀fẹ́ bí òjò bá ń rọ̀. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀. Òkúta wúwo, àwọn igi tí ó wà nísàlẹ̀ kò sì tó o gbé. Wọ́n tẹ̀, ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí ojú omi. Ẹni tí ó bá wo ilé náà láti òde yóò rò pé yóò wó ní ọ̀la.

Kò wó. Àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀ fi ọ̀pá irin dì í mú. Èyí ni kókó tí àwọn olùyìn ilé onígi kì í mẹ́nu bà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ilé náà fi dúró kì í ṣe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún àlàáfíà. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn ọdún 1640 dín ọrọ̀ ìdílé Moreton kù gidigidi. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ilé náà háyà fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ti ń lọ sí ahoro. Elizabeth Moreton, obìnrin kan tí ó fi ara rẹ̀ jìn fún iṣẹ́ ìsìn, ni ó jogún rẹ̀, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe gidi. Nígbà tí ó kú ní 1912, ó fi í sílẹ̀ fún ìbátan rẹ̀, Charles Abraham, tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1938 ni ilé náà bọ́ sí ọwọ́ àjọ National Trust, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní 1895 láti máa tọ́jú ilé àti ilẹ̀ àtijọ́.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé egungun onígi ní àǹfààní kan, ṣùgbọ́n àǹfààní náà kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń sọ. Kì í ṣe pé igi kì í bàjẹ́. Igi a máa jẹrà, kòkòrò a sì máa jẹ ẹ́. Àǹfààní náà ni pé wọ́n lè yọ igi kan tí ó jẹrà láìwó gbogbo ilé, nítorí pé oríkèé ni ó so wọ́n pọ̀. Wọ́n sì lè fọ́ amọ̀ tí ó wà láàárín òpó méjì kí wọ́n tún un rẹ́ láìfọwọ́ kan òrùlé. Ilé náà gba àtúnṣe ní díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí yóò tún un ṣe, asán ni àǹfààní náà.

Ọ̀rọ̀ Ètò: Ilé tí ń Dàgbà

Èrò kejì sọ pé ilé Gẹ̀ẹ́sì ní ètò, ti Yorùbá kò ní. Little Moreton Hall fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ta ko èyí. Gbọ̀ngàn ńlá tí ó jẹ́ apá tí ó pẹ́ jù nínú rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1504 sí 1508. Ní 1559 ni gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń jẹ́ Richard Dale ṣe fèrèsé ńlá méjì tí wọ́n yọ sínú àgbàlá. Fèrèsé méjèèjì fún mọ́ ara wọn débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbún ara wọn; kò sí ẹni tí ó ní ètò kan ṣoṣo lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ tí yóò fi wọ́n síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àti gbọ̀ngàn gígùn tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1560. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe apá tí ó kẹ́yìn, ó ti di nǹkan bí 1610. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ilé yìí fi ń dàgbà yí àgbàlá rẹ̀ ká, bí ìran kan ti ń kú tí òmíràn sì ń rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀nà yìí gan-an ni agboolé Yorùbá ń gbà dàgbà. Bí ọmọkùnrin bá tó gbéyàwó, wọn a fa ògiri yọ láti ara ti bàbá rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ a gùn sí i, àgbàlá a sì wà láàárín, níbi tí òjò ti ń rọ̀ sínú àmù tí àwọn ọmọ sì ti ń ṣeré. Bí ẹni tí ó mọ ìtàn ìdílé náà bá rìn yí agboolé ká, ó lè fi ìkángun ògiri kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó ní ìgbà tí wọ́n mọ ọ́n. Ètò ni èyí. Ohun tí ó fa àṣìṣe àwọn tí wọ́n pè é ní rúdurùdu ni pé ìdílé ni wọ́n ń retí kí ilé bá mu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlà tààrà ni wọ́n ń wá.

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀. Richard Dale kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ara fèrèsé tí ó ṣe. Kò sí ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọlé ilẹ̀ Yorùbá kọ tiwọn sí. Ṣùgbọ́n oríkì a máa ṣe ohun tí ìwé kò ṣe. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ Èkìtì, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ òpó ààfin Ògògà Ìkẹ̀rẹ́ láàárín 1910 sí 1914. Kò kọ orúkọ sí ara òpó náà, síbẹ̀ oríkì rẹ̀ wà lẹ́nu aya rẹ̀ títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ fi gbà á sílẹ̀. Lónìí, Art Institute tí ó wà ní Chicago ni ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà.

Egungun Ilé Alámọ̀

Ó wá kan èrò kìíní, èyí tí ó sọ pé ilé alámọ̀ kò ní egungun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn Ẹ̀gbá àti Àwórì tí wọ́n tẹ àwọn abúlé agbègbè yìí dó máa ń mọ ilé. Wọn a wa ilẹ̀ pupa, wọn a bu omi sí i, wọn a sì fi ẹsẹ̀ gún un títí tí yóò fi fà. Wọn a mọ ìpele kìíní yí gbogbo ilé ká, wọn a fi í sílẹ̀ kí oòrùn pa á, kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Iṣẹ́ àáró àti ọ̀wẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá kánjú, tí ó gbé ìpele tútù lé ìpele tútù, ojú rẹ̀ ni ògiri yóò ṣe wó.

Òótọ́ ni pé ògiri yìí ń gbé ẹrù tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Ìtẹ́rígbà, igi líle tí wọ́n gbé dábùú orí ẹnu ọ̀nà, ni ó gba ẹrù ògiri tí ó wà lókè rẹ̀. Àjà, tí wọ́n fi igi tò kí wọ́n tó da amọ̀ lé e, di ògiri kan mọ́ èkejì, ó sì ń dènà iná bí òrùlé koríko bá gbiná. Níwájú ilé, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó gbé etí òrùlé tí ó yọ síta, etí òrùlé yìí ni kì í sì í jẹ́ kí òjò na ẹsẹ̀ ògiri. Iṣẹ́ kan náà ni yíyọ síta tí ìpele òkè ilé onígi Gẹ̀ẹ́sì yọ ju ti ìsàlẹ̀ lọ ń ṣe: ó ń ta omi jìnnà sí ògiri. Ilé alámọ̀ ní egungun. Inú ẹran ara ni egungun rẹ̀ wà, kò hàn síta bíi ti Gẹ̀ẹ́sì.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ mọ èyí. Orílẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Òpómúléró, èyíinì ni òpó mú ilé ró. Bí ilé Yorùbá kò bá ní egungun, kò sí bí ìran kan yóò ṣe fi òpó sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Òwe pẹ̀lú ń jẹ́rìí. Wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀pọ̀ ń lo òwe yìí bí ẹni pé ó ń tàbùkù amọ̀. Ṣùgbọ́n itọ́ ni òwe náà dárúkọ, kò dárúkọ amọ̀. Ẹni tí ó fi itọ́ dípò omi, tí ó sá fún iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe, ni òwe náà ń bá wí. Wọ́n tún ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìmọ̀ràn àtúnṣe ni èyí pẹ̀lú: kí ènìyàn di ihò kí aláǹgbá tó dé. Nínú òwe méjèèjì, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọn kò yẹ ohun èlò wò.

Páànù, Ojú Irin àti Sìmẹ́ńtì

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé alámọ̀ agbègbè yìí fi ń di àlàpà? Ìdáhùn wà nínú ohun mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé ara wọn.

Láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ, ewé gbódógì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo ilé. Òrùlé yìí kì í pẹ́ gbó, nítorí náà kò sí bí wọn kò ṣe ní í máa tún un bò. Nígbàkígbà tí àwọn ọlọ́wẹ̀ bá gun orí ilé, ojú wọn a kan igi tí ikán ti jẹ àti ògiri tí ó ti lanu, wọn a sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe pọ̀. Òrùlé tí kì í pẹ́ ni ó jẹ́ kí ògiri pẹ́. Nígbà tí páànù dé, èyí yí padà. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, gba Ifọ̀ kọjá. Ifọ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí ìhà Ìlaròó ti yà. Páànù àti ìṣó rọrùn láti rí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Páànù kì í béèrè ọ̀wẹ̀ lọ́dọọdún. Ó fún ènìyàn ní ìsinmi, ìsinmi náà sì ni ó pa ilé, nítorí kò sí ẹni tí ó tún gun òkè lọ wo igi. Owó ni wọ́n sì ń fi ra páànù, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta tó bí ti koríko. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹsẹ̀ ògiri, ẹsẹ̀ ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Èkejì ni sìmẹ́ńtì. Ní 1960 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ní ìtòsí Ifọ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ògiri amọ̀ lóore fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Èyí burú ju kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa tu ú jáde. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi náà rí ọ̀nà jáde. Omi a kó sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, amọ̀ a rọ̀, ìrẹ́ a sì ré lulẹ̀ pẹ̀lú apá kan ògiri. Àwọn ènìyàn a wá ní amọ̀ kò dára. Irú àṣìṣe yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, níbi tí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé onígi àtijọ́ ti sé omi mọ́ inú igi óákù tí igi náà sì jẹrà.

Ẹ̀kẹta ni òpópónà. Ìbafọ̀ àti Mowe wà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, ọdún kan náà tí òfin ilẹ̀ tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà jáde. Láti ìgbà náà ni àwọn tí Èkó kò gbà mọ́ ti ń wá ilẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ di owó. Níbi tí ilẹ̀ bá ti di owó, ilé kì í jẹ́ ibùgbé nìkan mọ́, ó di ẹ̀rí pé ẹnì kan ni ó ni ilẹ̀ náà. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta lórí ìpìlẹ̀ ń sọ èyí ketekete ju agboolé alámọ̀ lọ, àní bí agboolé náà bá tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ìran mẹ́rin.

Ìwé Ìjọba àti Ọwọ́ Ènìyàn

Èrò kẹta ni pé àkọsílẹ̀ ìjọba ni ó ń dá ilé sí. Ní Èkó, ilé Ìlójo, tí àwọn kan mọ̀ sí Casa do Fernandez, wà nínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún nínú ìwé kò gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Little Moreton Hall, ní tirẹ̀, la ọ̀pọ̀ ọdún já kí òfin kankan tó dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan wà tí ó ka títún un ṣe sí ojúṣe. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé.

Níhìn-ín, ó tọ́ láti gbọ́ ti àwọn tí wọ́n ń gbé inú ilé náà. Ẹni tí ó wó ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mowe kí ó lè fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀tá àṣà. Ikán dà á láàmú. Kò rí ọ̀mọlé mọ́. Bíríkìlà ni ó wà ní ìkòríta. Ayálégbé kò fẹ́ yàrá alámọ̀. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ti lọ sí Èkó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀ rí: lẹ́yìn iná ńlá tí ó jó London ní 1666, òfin ní kí wọ́n máa fi bíríkì àti òkúta kọ́ ilé ìlú náà, nígbà tí ó sì yá, àwọn onílé káàkiri ilẹ̀ wọn ń fi bíríkì bo ojú ilé onígi nítorí ìtìjú. Ilé onígi ti jẹ́ "ilé alámọ̀" rí lójú àwọn tí wọ́n ni ín. Nítorí náà èébú kì í ṣe àyànmọ́ ilé kankan. Ojú tí ó bú u lè padà yìn ín, bí ilé náà bá ṣì wà nílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Bébà yìí ti fi hàn pé èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó gbòde kò dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ilé alámọ̀ ní egungun, ó ní ètò, àkọsílẹ̀ ìjọba nìkan kò sì dá ilé kankan sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Little Moreton Hall àti agboolé tí ó ń wó lẹ́yìn òpópónà ní Ìbafọ̀ ni pé ọwọ́ kò kúrò lára ti ìṣáájú pátápátá, àní nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó wó. Ọwọ́ ti kúrò lára èkejì láti ìgbà tí páànù ti gba iṣẹ́ ọ̀wẹ̀.

Ohun méjì ni ó yẹ ní ṣíṣe kíákíá. Èkíní ni kíkọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti mọ ilé rí, nítorí pé bí ìtẹ́rígbà àti àjà bá kúrò nínú ilé, kò ní pẹ́ kúrò nínú èdè, òwe tí ó dúró lé wọn lórí a sì di àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀. Èkejì ni pé kí ìdílé kan tàbí méjì tí agboolé wọn ṣì wà nílẹ̀ rí ìrànlọ́wọ́ láti tún un ṣe, kí wọ́n sì máa gbé inú rẹ̀, kí àwọn bíríkìlà ọ̀dọ́ lè fojú ara wọn rí bí wọ́n ti ń fi amọ̀ dí ẹsẹ̀ ògiri tí òjò ti jẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé tí wọ́n tì pa fún àlejò. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, kò sì yẹ kí ó kọjá ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, nítorí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ mọ́.